Ìlà Pupa Tí Kò Kúrò Lábẹ́ Iṣẹ́ Mi

Ẹ̀sùn mọ́kànlá ni mo kọ. Mi ò kọ wọ́n bí ẹni tó kàn ń ráhùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ọjọ́ tirẹ̀, wákàtí tirẹ̀, ohun tí mo tẹ̀, ohun tó yẹ kí n rí, àti ohun tí mo rí. Ní yunifásítì, wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó bá máa fẹjọ́ sùn, kó mú ẹ̀rí dání. Bí ẹnikẹ́ni bá ka ọ̀rọ̀ mi dé ìparí tó wá ní inú ló ń bí mi, bẹ́ẹ̀ ni, inú ń bí mi. Ẹ̀rí náà ṣì wà níbẹ̀.

Ẹni tí mo fi sùn kì í ṣe ènìyàn. Irinṣẹ́ ni. Iṣẹ́ kóòdù ni mò ń ṣe ní Johannesburg níbí: èmi ni mò ń kọ ìtọ́ni tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Inú ohun kan tí à ń pè ní ẹdítọ̀ la ti ń kọ ọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń kọ lẹ́tà sójú ìwé. Inú ẹdítọ̀ yìí ni irinṣẹ́ kékeré kan wà tó gbọ́ èdè tí a fi ń kọ kóòdù. Bí o ṣe ń kọ ni yóò máa wò ọ́, bíi tíṣà tó dúró sẹ́yìn ọmọ iléèwé. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, á bá ọ parí rẹ̀. Bí o bá bi í pé níbo la ti kọ́kọ́ dárúkọ nǹkan báyìí, á gbé ọ débẹ̀. Bí o bá ṣìṣe, á fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe rẹ. Lọ́jọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, mi ò rí ọ̀rẹ́ tó tó o. Ohun tó mú mi fẹjọ́ sùn ni pé wọn ò yéé tún un ṣe.

Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni ẹ̀dà tuntun ń jáde. Àwọn tó ń ṣe é, tí mi ò mọ ojú wọn, tí mi ò mọ ìlú tí wọ́n ń gbé, á kọ ìwé pélébé kan tẹ̀ lé e: a ti mú un yára sí i, a ti mú un gbọ́n sí i, a ti tún èyí ṣe, a ti mú tọ̀hún kúrò. Mo máa ń ka ìwé náà látòkè délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní ó ti yára, ṣe ló gba gbogbo agbára láptọ́ọ̀pù mi, tí fáànù inú rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀sùn kìíní nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní ó ti gbọ́n, ó gbàgbé nǹkan tí mo dárúkọ ní ìlà méjì péré sókè. Ẹ̀sùn kejì. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ó bá mi parí ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú orúkọ tí kò sí nínú gbogbo iṣẹ́ wa, ó sì fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìyẹn kà.

Èyí tó dùn mí jù ni ẹ̀kẹrin. Mo ní kó yí orúkọ kan padà nínú gbogbo fáìlì. Ó yí i padà nínú gbogbo rẹ̀ àfi ẹyọ kan, ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun ti ṣe é tán. Ẹyọ kan yẹn ló jẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kékeré kan ṣófo fún odindi àárọ̀ kan, torí ètò tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń to aláìsàn sí ìlà ni à ń kọ. Mo lè fojú fo pé kò ṣe é. Pé ó ní òun ṣe é ni mi ò lè fojú fò.

Ẹ máa sọ pé: ṣebí kí o pa á tì, kí o lo òmíràn. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti dè mí.

Jeppestown ni ilé iṣẹ́ wa wà, nínú ilé kan tí wọ́n ti ń rọ irin tẹ́lẹ̀; bí òjò bá rọ̀, òórùn gíríìsì ṣì máa ń jáde lára ògiri. Òfin ibẹ̀ ni pé irinṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ lò, àti pé iṣẹ́ tí ìlà pupa bá wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ ọ wọlé, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan dúró tó ń fi irinṣẹ́ yẹn kan náà yẹ iṣẹ́ gbogbo ènìyàn wò. Oníbodè ni mo máa ń pè é lọ́kàn mi. Bó bá rí ìlà pupa kan ṣoṣo, á dá a padà. O ò lè bẹ̀ ẹ́. Kò mọ àgbà, kò mọ ẹni tó kí i, kò mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Orúkọ ilé iṣẹ́ yìí ló sì wà lára ìwé àṣẹ iṣẹ́ mi. Bí mo bá fi ibẹ̀ sílẹ̀, àṣẹ ti tán. Ti ìyàwó mi so mọ́ tèmi, ti ọmọbìnrin wa so mọ́ tiwa. Nígbà tí ìwé náà ku oṣù díẹ̀ kó parí, ọ̀gá àgbà pè mí. Ó ní òun máa kọ lẹ́tà tí mo nílò láti gba òmíràn, ó ní ọdún mẹ́ta ni òun máa kọ, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ parí iṣẹ́ kan: àwọn tó ni èdè kóòdù wa ti ṣe èdè náà lọ́tun, kí n kó gbogbo fáìlì wa kúrò ní ti àtijọ́ sí tuntun. Agbẹjọ́rò tó ń bá wa ṣe ìwé ní bí lẹ́tà ò bá dé ọwọ́ òun ní ọjọ́ Jímọ̀ kan báyìí, kí a má wulẹ̀ dà á láàmú mọ́.

Kí n tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ náà, mo ní láti padà sẹ́yìn bí oṣù márùn-ún, sí òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mi ò kà sí nǹkan kan nígbà náà.

Ilẹ̀kùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ wa, nítorí olè. Wàá fi ìka tẹ ẹ̀rọ kan kí ti àkọ́kọ́ tó ṣí. Ìyẹn gbọ́dọ̀ tì gbọn-in lẹ́yìn rẹ kí èkejì tó gbà láti gbọ́ ìka rẹ. Àárín wọn kò ju ibi tí ènìyàn méjì lè fara gbún ara wọn dúró sí. Òwúrọ̀ yẹn, àárín ni mo wà tí iná lọ. Bátìrì tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ iná ti kú, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó kú. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fi ẹnu kan gíláàsì.

"Bhuti, fara balẹ̀. Bhuti" — arákùnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ níbí — "wọ́n ti pe ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Níbo ló wà?"

"Ó ti wọ taxi ní Soweto."

"Soweto? Pẹ̀lú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àárọ̀ yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sórí àga rẹ̀. Mo dúró. Mo ń wo àwọn tó ń rọ táyà lódìkejì, mo ń wo robot, iná tó ń darí ọkọ̀ ní oríta, tó ti kú, tí àwọn ọkọ̀ wá kọjú síra wọn tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ lọ. Ogójì ìṣẹ́jú. Aago ni mo wò, mi ò fojú bù ú.

Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni olórí ẹgbẹ́ wa. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, àmọ́ òun ni ọ̀gá mi. Nítorí àwọn ẹ̀sùn mi, Lọ́yà ló máa ń pè mí. Nígbà tó dé, kò tíì ṣílẹ̀kùn tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Eish, Lọ́yà! Wọ́n ti rí ọ mú? Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn ọ́?"

"Màdáámù, ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Wàá sọ pé o ò jẹ̀bi ná."

"Mi ò jẹ̀bi. Ẹ ṣí i."

Mo wọlé, mo bá ariwo. Ẹ̀dà tuntun ti wọ inú Oníbodè láàárọ̀ yẹn, ó sì ń dá iṣẹ́ gbogbo ènìyàn padà. Ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi ló kàn láti tọ́jú Oníbodè. Òógùn ò tíì gbẹ lára mi tí mo fi wọ inú fáìlì rẹ̀, mo mú un farabalẹ̀, iṣẹ́ sì ń kọjá. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo mu tíì, mo gbàgbé rẹ̀.

Ó wá kan iṣẹ́ ìkólọ yìí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi ń kó fáìlì láti èdè àtijọ́ sí tuntun. Lórí láptọ́ọ̀pù mi, màá kọ ọ́, irinṣẹ́ á wò ó, á ní ó dára, kò ní sí ìlà pupa kankan. Màá fi ránṣẹ́. Oníbodè á dá a padà pẹ̀lú ìlà pupa mọ́kànlélógójì. Màá tún un kọ bí Oníbodè ṣe fẹ́ ẹ. Láptọ́ọ̀pù mi á fa ìlà sábẹ́ gbogbo rẹ̀, á ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mò ń sọ. Irinṣẹ́ kan náà o! Ohun tó gbà níhìn-ín ló ń kọ̀ lọ́hùn-ún. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ wa kò tíì fọwọ́ kan èdè tuntun, nítorí náà iṣẹ́ tiwọn ń kọjá wẹ́rẹ́. Èmi nìkan ni wọ́n ń rí tó ń lọ tó ń bọ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Mo ti rí olórí ẹgbẹ́ wa tó ń wo orúkọ mi lójú pátákó iṣẹ́, tó wá yára yí ojú kúrò nígbà tó rí mi.

Mo kọ ẹ̀sùn kọkànlá sí àwọn tó ń ṣe irinṣẹ́: ó ń dá ẹjọ́ méjì lórí kóòdù kan ṣoṣo. Ìdáhùn wọn dé kí n tó gbẹ́nu kúrò lára ife omi, ẹ̀rọ ló dáhùn. Ó ní kí n jọ̀wọ́ lo ẹ̀dà tuntun jù lọ. Mo ya àwòrán ojú láptọ́ọ̀pù mi, mo fi nọ́ńbà ẹ̀dà tuntun hàn wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, ènìyàn gidi kan dáhùn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún un ṣe. Ìbéèrè kan ló bi mí: ṣé ó dá mi lójú pé ẹ̀dà kan náà ló wà níbi méjèèjì?

Mo gbà á sí àrífín. Ṣé ọmọ àná ni mí ni? Ìpínrọ̀ méje ni mo fi dá a lóhùn, ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán bí abẹ. Mo sọ fún un iye ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mo sọ ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì, mo wá béèrè bóyá àṣà wọn ni láti máa bi ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó bóyá ó dá a lójú pé iná ni. Kò tún fèsì mọ́.

Bertrams là ń gbé, ní yàrá méjì nínú ilé àtijọ́ kan tí irin wà lójú fèrèsé rẹ̀ gbogbo. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wa ni ìṣó kan wà tí àpò ike kan so kọ́ sí. Gbogbo ìwé wa ló wà nínú rẹ̀, torí ní ilẹ̀ àjòjì, ènìyàn ò gbọdọ̀ máa wá ìwé rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ìyàwó mi ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi ń ka ìpínrọ̀ méje mi sí i létí. Mo rò pé á bá mi bínú sí ọkùnrin náà.

"Ó ti tó, Dádì," ló wí. "Kí ni ọkùnrin náà bi yín?"

"Pé ṣé ẹ̀dà kan náà ni."

"Ṣé ẹ̀dà kan náà ni?"

"Mo ti sọ fún un pé—"

"Mi ò béèrè ohun tí ẹ sọ fún un. Ẹ bú u, mo gbọ́. Èébú yẹn dáa, ó ní adùn. Ṣé ẹ lọ wò ó?"

"Kí ni mo fẹ́ wò? Ilé iṣẹ́ kan, irinṣẹ́ kan, òfin kan."

Ó yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ padà. "Bí mo bá bi yín pé ṣé ẹ ti gáàsì pa, tí ẹ wá fi ìpínrọ̀ méje ṣàlàyé irú ènìyàn tí ẹ jẹ́ fún mi, màá dìde lọ wo gáàsì náà fúnra mi."

Ọmọ wa wà nídìí tábìlì. Yorùbá la fi ń bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Ó ní Dádì tún ti ń bá kọ̀ǹpútà jà. Ó tún wá ní iléèwé òun ti béèrè ìwé àṣẹ òun lẹ́ẹ̀kejì, pé tíṣà ní bí kò bá dé, òun ò ní mọ ibi tí òun máa kọ orúkọ ọmọ wa sí ní sáà tó ń bọ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé iyọ̀ ti tán.

Mi ò lọ wo ohunkóhun. Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn, torí ó wà lára ẹ̀rí. Dípò kí n lọ wò ó, mo ní kí ọ̀gá àgbà fún wa láyè ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kan kí Jímọ̀ agbẹjọ́rò tó pé, kí n lè fi hàn pé irinṣẹ́ yìí ni kí ilé iṣẹ́ lé lọ, kí wọ́n sì kọ lẹ́tà mi. Mo tẹ ẹ̀sùn mọ́kọ̀ọ̀kànlá jáde sórí pépà, ẹ̀dà mẹ́ta, mo fi píìnì so wọ́n pọ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá ìpàdé: ọ̀gá àgbà, olórí ẹgbẹ́ wa, èmi.

"Ilé ẹjọ́ ti jókòó," olórí ẹgbẹ́ wí, ó ń wo píìnì tó wà lára pépà. "Shap, ó dáa, Lọ́yà. Máa bá a lọ."

Mo bá a lọ. Ẹ̀sùn kìíní, ẹ̀rí. Ẹ̀sùn kejì, ẹ̀rí. Nígbà tí mo dé ẹ̀kẹrin, ọ̀gá àgbà pàápàá mi orí, torí òun ni ilé ìwòsàn náà pè lọ́jọ́ yẹn. Mo rí i pé ó ń wọ̀ wọ́n lára. Mo dé ẹ̀sùn kọkànlá, mo rẹ ohùn sílẹ̀, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: kóòdù kan, irinṣẹ́ kan, ẹjọ́ méjì.

Olórí ẹgbẹ́ wa gbé orí sókè. "Jẹ́ ká ṣí fáìlì Oníbodè." Kì í ṣe orúkọ tó pè é nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tó wí nìyẹn. "Jẹ́ ká wo ẹ̀dà tó ń lò."

"Ẹ ṣí i," ni mo wí. Mo tilẹ̀ rọra fara ti àga.

Ó fi ẹ̀rọ tan fáìlì náà sára ògiri, gàdàgbà. Mo rí nọ́ńbà ẹ̀dà náà kí n tó rí ohunkóhun mìíràn. Oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Ẹnì kan ti so Oníbodè mọ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo, kó má tún gba tuntun mọ́ láé. Ẹ̀dà ìgbà náà kò tíì gbọ́ èdè tuntun rárá. Kò lè gbọ́ ọ, wọn ò tíì kọ́ ọ. Gbogbo ohun tí mo kọ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, etí adití ni mo ń kọ ọ́ sí.

Lábẹ́ nọ́ńbà náà ni àkíyèsí kan wà. Nínú kóòdù, ènìyàn lè kọ ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà kò ní kà, tó jẹ́ pé fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni, kó lè mọ ìdí tí a fi ṣe nǹkan. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa fi ń kọ ọ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ èyí, pẹ̀lú àmì orí rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

*Èmi ni mo so ó mọ́lẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá tú u, òun náà á dúró láàárín ilẹ̀kùn méjì.*

Yorùbá kan ṣoṣo ló wà ní ilé iṣẹ́ wa.

"Mo rí i lóṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn," olórí ẹgbẹ́ wí. "Ìgbà tó kàn mí láti tọ́jú rẹ̀. Mo fẹ́ tú nọ́ńbà yẹn kó lè gba tuntun, mo wá rí ọ̀rọ̀ yìí. Mo rò pé àdúrà ni." Ó wò mí. "Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé ohun tí o ò bá lè kà, má pa á rẹ́. Mo fi í sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó kù náà fi í sílẹ̀."

Ọ̀gá àgbà ti mú gíláàsì ojú rẹ̀ kúrò, ó ń nù ún. "Kí ló sọ níbẹ̀?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí yàrá yẹn ṣe rí. Ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan, irin lójú fèrèsé. Ènìyàn méjì tí wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó wà lára ògiri. Lẹ́tà mi wà lórí tábìlì lábẹ́ ọwọ́ ọ̀gá àgbà, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ọdún mẹ́ta, ó ku ìbuwọ́lùwé. Mo lè sọ pé àdúrà ni lóòótọ́. Mo lè ní ẹnì kan tó ti kúrò ló kọ ọ́. Mo lè ní ó sọ pé kí a tú u lẹ́yìn oṣù kan, kí ẹ̀bi lọ sórí ẹni tí kò tú u, ẹni náà jókòó sí iwájú mi, òun ló ṣílẹ̀kùn fún mi lọ́jọ́ tí iná lọ. Mi ò ní purọ́ fún yín: ahọ́n mi ti gbéra. Ojú mi wá bọ́ sórí pépà mi, ibi tí mo fi lẹ́tà dúdú kọ ẹ̀sùn kẹrin sí. Ó ní òun ti ṣe é tán, bẹ́ẹ̀ kò ṣe é.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, títí kan ilẹ̀kùn méjì.

Olórí ẹgbẹ́ wa wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ń gbọn èjìká.

"Eish, Lọ́yà! O fi wá gégùn-ún!"

"Mi ò fi ẹnikẹ́ni gégùn-ún. Inú ló bí mi."

"Ìwọ lo gé e, ìwọ ló mú." Ó ń nu ojú. "Bhuti, o ti ara rẹ mọ́lé, o sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́."

Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tú u. Ó tú u, ó pa ọ̀rọ̀ mi rẹ́, ó fi iṣẹ́ mi ránṣẹ́ lójú wa. Àwa mẹ́ta jókòó, a ń wo ògiri. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá, Oníbodè ṣí. Kò sí ìlà pupa kankan. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ayé mi kọjá níbẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó dí i lọ́nà rí.

"Nítorí náà, iṣẹ́ náà dára," ọ̀gá àgbà wí.

"Iṣẹ́ náà dára láti ọ̀sẹ̀ kejì, sà."

"Irinṣẹ́ náà ńkọ́?"

"Lórí ẹ̀sùn kọkànlá, kò jẹ̀bi. Lórí mẹ́wàá tó kù, ó jẹ̀bi, sà. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín."

Ọ̀gá àgbà mú lẹ́tà náà, ó fi bírò fa ìlà sí ọ̀rọ̀ kan, ó kọ òmíràn sórí rẹ̀, ó ní kí akọ̀wé tún un tẹ̀. Ọdún kan ni mo rí gbà. Ó ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ilé iṣẹ́ pàdánù kò lè lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti òní lọ, èdè tí gbogbo ilé gbọ́ ni kí n máa fi kọ àkíyèsí, àti pé kò sí pé ó kan ẹnì kan lónìí, ó kan ẹlòmíràn lọ́la mọ́: èmi ni olùtọ́jú Oníbodè títí lọ. Gbogbo ẹ̀dà tuntun tó bá jáde, èmi ni kí n gbé e wọlé, kí n sì wá ojútùú sí ìlà pupa tó bá bá a wá. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Mo dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí agbẹjọ́rò ti ya ẹ̀dà tirẹ̀, mo gbé lẹ́tà dé ilé. Ìyàwó mi kà á lórí ìdúró.

"Ọdún kan."

"Ọdún kan."

Ó pa á pọ̀, ó fi í sínú àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwa méjèèjì mọ bí ọdún kan ṣe ń yára lọ fún ẹni tó ń kà á. Ó wá jókòó, ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi àkíyèsí, ó bo ẹnu. Nígbà tí mo sọ pé mo ti kọ̀wé sí ọkùnrin tó béèrè nípa ẹ̀dà, ó ní kí n fi hàn òun.

Ìlà méjì ni. Mo ní mo ti fa ẹ̀sùn kọkànlá padà, pé ọ̀dọ̀ mi ni àṣìṣe ti wá, pé ẹ̀dà méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

"Ẹ ò kí i," ló wí.

"Ta ni?"

"Ọkùnrin náà. Ó bi yín ní ìbéèrè kan, ìdáhùn ìbéèrè náà ló gbé lẹ́tà yìí wálé. Ẹ bú u ní ìpínrọ̀ méje, ẹ tọrọ gáfárà ní ìlà méjì, ẹ ò kí i. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ yín nílé nìyẹn?"

Mo ṣí láptọ́ọ̀pù. Mo wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lè kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ tí kò parí rí, mi ò rí i. Mo kọ *Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmúmọ́ra* síbẹ̀, mi ò túmọ̀ rẹ̀. Ilé tèmi ni mo wà. Òfin ọ̀gá àgbà ò dé Bertrams.

Lábẹ́ rẹ̀ ni mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ pé ẹ̀sùn kẹrin ṣì dúró, kí wọ́n má rò pé mo ti gbàgbé.